Ìwé Tí Muattar Kà Nílé Ọkọ

Nígbà tí àwọn ará ilé Asror wá tọrọ Muattar, ohun kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ bá wọn sọ. Yoldosh ni orúkọ bàbá náà. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Mẹ́rin ni ọdún ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á tán."

Risolat, ìyá Asror, mú búrẹ́dì tó wà láàárín wọn, ó bù ú sí méjì, ó sì gbé ìdajì síwájú bàbá ọmọ. "Ọmọ tiwa náà ló máa dà láti òní," ó wí. "Ta ló máa ń dí ọmọ ara rẹ̀ lọ́nà ìwé?"

Inú gbogbo wọn dùn. Búrẹ́dì ti di bíbù, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, torí pé wọn kì í kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé wọn lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ìlú Margilon.

Ọmọ ogún ọdún ni Muattar nígbà náà. Kẹ́mísìrì ló ń kà. Láti kékeré ló ti máa ń bi bàbá rẹ̀ ní ìdí tí wàrà fi ń kan, àti ìdí tí ìkòkò bàbà fi ń yọ àwọ̀ ewé bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síta. Bàbá rẹ̀ ò mọ èyí tó pọ̀ nínú ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sọ fún un pé kó panu mọ́. Ó fẹ́ di olùkọ́, kó lè dúró níwájú àwọn ọmọ, kó máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn.

Ilé ọkọ kò burú. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé wọ́n ń lù ú tàbí pé ebi ń pa á. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó sì ń jẹun yó. Bàbá ọkọ rẹ̀, Tolkin, ló ń pín omi odò fún àwọn àgbẹ̀ abúlé. Láti àárọ̀ ló ti máa ń gbé ọkọ́ lé èjìká, tí á máa ṣí ojú omi fún ẹni tó kàn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Barno, jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Asror fúnra rẹ̀ lo ogójì ọjọ́ pẹ̀lú ìyàwó, lẹ́yìn náà ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Rọ́ṣíà. Bó ṣe ku Muattar, Barno àti àwọn òbí ọkọ rẹ̀ sílé nìyẹn.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó, gbé tíì wá. Ìyàwó, àlejò dé. Òun náà á sì gbọ́wọ́ láyà, á tẹrí ba fún gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ì báà jẹ́ ẹni tó wá yá abẹ́rẹ́.

Risolat kò sọ fún un rí pé kó má lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ì bá rí ohun tí yóò bá a jà lé lórí.

"Oyi, mò ń lọ sí kíláàsì," Muattar á wí. Oyi ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀.

"Lọ, ọmọ mi. Ṣé wọ́n dè ẹ́ mọ́lẹ̀ ni? Ṣáà kọ́kọ́ gbé omi kaná. Ìyá Hojar ní òun ń bọ̀ wá kí wa."

Ìyá Hojar, aládùúgbò wọn, á dé, á jókòó sórí tìmùtìmù, á mu ife tíì méje. Ìyàwó ló ń bu tíì, díẹ̀díẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ máa bù ú, torí pé ife tó bá kún dẹ́nu ń sọ fún àlejò pé kó máa lọ. Nígbà tí Ìyá Hojar bá dìde, bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ ti lọ, ti mẹ́sàn-án náà ti lọ. Ọ̀sẹ̀ míì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló dé kíláàsì, ọ̀sẹ̀ míì wà tí kò dé ibẹ̀ rárá.

Nílé bàbá rẹ̀, bó ṣe máa ń kàwé ni pé ó máa ń ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìparí, á wá fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta tún un kọ, á fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tó bá rò pé ó ṣe pàtàkì. Ó rẹwà lójú, àkókò sì wà. Nílé ọkọ, á ṣí ìwé, á ka ojú ewé mẹ́ta, wọ́n á pè é. Tó bá padà dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, torí kò mọ bí èèyàn ṣe ń kàwé láti àárín. Títí òtútù fi mú, ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni ó ń kà ṣáá. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò mọ ojú ewé kẹrin.

Nígbà tí ìdánwò oṣù kìíní dé, ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì nínú márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, ó so ìborí rẹ̀ mọ́rí, ó sì lọ po ìyẹ̀fun.

Olùkọ́ Inobat ló ránṣẹ́ pè é. Ìyáàgbà tín-ín-rín kan ni, ó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ torí pé kì í gbé máàkì fún àánú.

"Ìwọ ni ìyàwó tuntun yẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Mi ò pè ẹ́ láti bá ẹ sunkún o. Mú bébà. Kọ ọjọ́ àná sílẹ̀ fún mi, láti ìgbà tó o ti jí títí tó o fi sùn. Má fi nǹkan kan pa mọ́."

Muattar kọ ọ́. Aago márùn-ún, gbígbá àgbàlá àti ojú ọ̀nà dé iwájú ilé aládùúgbò. Lẹ́yìn náà fífún wàrà màlúù, tíì, àwo fífọ̀, ìyẹ̀fun pípò, dídá iná sínú ààrò amọ̀, búrẹ́dì, àlejò, àwo fífọ̀. Ó kún iwájú àti ẹ̀yìn bébà. Olùkọ́ gbé awò ojú wọ̀, ó kà á bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

"Níbo ni àyè tìẹ wà níbí?"

"Kò sí mà."

"Ó wà. Èmi náà ti ṣe ìyàwó nílé ẹlòmíì rí. Tó o bá ń gbálẹ̀, kí ni orí ẹ ń ṣe?"

Muattar rò ó díẹ̀. "Ó ń bínú mà."

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Wá iṣẹ́ míì fún un. Ọwọ́ ẹ ni wọ́n gbà, wọn ò gba orí ẹ. Ìwé tó ò ń kà látòkè dé ìsàlẹ̀ yẹn, jáwọ́ níbẹ̀. Ṣe lò ń wojú ìwé, o ò kọ́ nǹkan kan. Ìbéèrè ni kó o máa kọ, ẹyọ kan sórí bébà kékeré kan. Ní àárọ̀, wo ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan, fi sápò, kó o wá fi gbogbo gbígbá àgbàlá wá ìdáhùn ẹ̀ lórí ara ẹ. Tí o ò bá rí i, ìyẹn náà dáa, wàá mọ ibi tó ń jò. Lọ́jọ́ kejì, tún bi ara ẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tún bi í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún bi í. Èyí tó o bá mọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, jù ú sínú iná."

"Ìgbà wo ni kí n wá ka tuntun mà?"

"Ṣé ìyá ọkọ ẹ kì í sùn lọ́sàn-án ni?"

"Ọjọ́ Àìkú nìkan. Bí ogójì ìṣẹ́jú."

"Ogójì ìṣẹ́jú yẹn, tuntun nìkan ni kó o máa kà níbẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ tún èyí tó o ti mọ̀ kà, bó ti wù kó dùn mọ́ ẹ tó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó rán àpò kékeré sí abẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni bébà wà. Ó fi kàlẹ́ńdà ka ọ̀sẹ̀ tó kù dé ìdánwò oṣù kẹfà, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún. Ó pín iṣẹ́ tó wà nínú ìwé sí ọ̀nà mẹ́tàdínlógún, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, torí ó ti mọ̀ pé àlejò kò ní ṣàì dé. Màlúù ni ó ń ka orúkọ àwọn ásíìdì fún. Nídìí ìyẹ̀fun, ó ń wọ́n ìyẹ̀fun gbígbẹ sórí pákó, á fi ìka kọ bí nǹkan méjì ṣe ń pàdé tí wọ́n fi ń di ẹ̀kẹta, á wò ó bóyá ó gún, á fàtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò kí ẹnì kankan tó wọlé.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní kàyéfì: àwọn nǹkan yẹn dúró sí i lórí. Nílé bàbá rẹ̀, tó bá kàwé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti ṣófo. Báyìí, nǹkan tó fi ìgbálẹ̀ wá fún wákàtí kan kò lọ mọ́. Ó ń rìn kiri nínú ilé náà pẹ̀lú orí tó kún, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Barno ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó yọ sí i nílé ìdáná.

"Ìyàwó, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Àbí ìyẹ̀fun ti ń dáhùn?"

"Mò ń kàwé ni."

"Níbo ni ìwé wà?"

Muattar na ìka sí orí ara rẹ̀. Barno wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. "Wọ́n ò ṣe nǹkan kan fún ẹ nílé yín kó o tó wá, àbí wọ́n ṣe é?" ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ṣùgbọ́n Risolat kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń gbọ́ tí ìyàwó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn màlúù. Ìyá Hojar ti sọ fún un pé kó máa ṣọ́ ọ, pé ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà ní Rọ́ṣíà tó sì ń dá sọ̀rọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí.

"Ta ni Anilin?" ó béèrè.

Korobá wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Muattar. "Ẹ̀n, Oyi?"

"Mo gbọ́ ẹ. O ní Anilin, o ní Toluol. Fenol náà wà níbẹ̀. Ọmọ ta ni wọ́n? Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn náà ni wọ́n wà?"

"Oyi, wọn kì í ṣe èèyàn. Nǹkan inú ìwé ni wọ́n. Anilin ni wọ́n fi ń ṣe aró tí wọ́n ń pa aṣọ."

Risolat wo ojú rẹ̀. Bóyá ó gbà á gbọ́, bóyá kò gbà á gbọ́. "Tó bá jẹ́ aró, jẹ́ kó dúró sínú ìwé," ó wí nígbẹ̀yìn. "Àwọn aládùúgbò ń gbọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé orí ìyàwó mi ti yí. Nínú ilé yìí, tí ẹnu ẹ bá máa ṣí, kó jẹ́ pé èèyàn lò ń dá lóhùn."

Láti ọjọ́ náà, Muattar pa ẹnu dé. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ nínú. Àmọ́ ó ṣòro ju bí ó ṣe rò lọ, torí ohùn tirẹ̀ nìkan ló kù tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ìgbà míì tó bá ń gbálẹ̀, á dúró lójijì, á wo ògiri àgbàlá náà, ògiri amọ̀ tó ga ju orí èèyàn lọ, tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo wà lára rẹ̀. Á wá ìbéèrè lápò. Á tún bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó Barno. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ló bọ́ sí, ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ó gbìyànjú láti bá Asror sọ ọ́ lórí fóònù. Ọ̀sán ni, Asror wà lórí ilé alájà púpọ̀, atẹ́gùn ń hó sínú ọ̀rọ̀ wọn.

"Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa," Asror wí.

"Mo ní ìdánwò ni. Bá Oyi sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́."

"Muattar, ṣe ohun tí Oyi bá ní kó o ṣe. Ẹyọ kan péré ni àbúrò mi obìnrin. Ìdánwò ṣì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó lọ kí àwọn òbí rẹ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì tó kún fún rédíò tí wọ́n ti tú. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń yí síkúrúù kékeré kan, kò gbójú sókè. "Mo bi wọ́n léèrè níṣojú gbogbo ayé," ó wí. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá lọ bi wọ́n léèkejì, á dà bíi pé mo ń pè wọ́n ní òpùrọ́. Ìwọ ló máa gbé ibẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá lọ tán." Ó fi síkúrúù náà sílẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó padà sílé, ó sì mú bébà. Bí Olùkọ́ ṣe kọ́ ọ láti pín ìwé, ó pín iṣẹ́ ìgbéyàwó náà: tìmùtìmù méjìlá tí wọ́n máa rán, igba búrẹ́dì, kápẹ́ẹ̀tì fífọ̀, ife tí wọ́n máa yá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa wọlé, kò sí tìmùtìmù tó ṣẹ́ kù. Risolat ń fi í yangàn fún àwọn ará àdúgbò pé, "Ẹ wo ìyàwó tèmi, ó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀la tán lónìí." Muattar lọ ṣe ìdánwò méjì àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Ó ku kẹ́mísìrì ti Olùkọ́ Inobat, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, gbogbo àgbàlá ti mọ́, búrẹ́dì ti jáde láti inú ààrò, ó sì ti wọ aṣọ ìta. Risolat jókòó lórí pèpéle lábẹ́ ìtàkùn àjàrà.

"Ibo nìyẹn?"

"Ìdánwò, Oyi. Ọ̀kan tó kù. Mo ti ṣe ohun gbogbo tán. Aago kan màá ti dé."

"Àwọn obìnrin ilé ọkọ Barno ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Àná ni wọ́n ránṣẹ́." Ohùn Risolat kò le. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀. "Ìyàwó, ronú sí i. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n bá ilé tí kò ní ìyàwó tó máa bu tíì. Kí ni wọ́n máa sọ nípa ọmọ tí wọ́n ń mú lọ láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀?"

Muattar dúró pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn àgbàlá wà ní ṣíṣí, ó ń rí ojú ọ̀nà, ó rí bọ́ọ̀sì kékeré tó dúró tó sì gba obìnrin méjì. Kò sẹ́ni tó di ọ̀nà mọ́ ọn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó bọ́ aṣọ ìta, ó sì gbé omi kaná.

Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ títí di aago kan ló fi bu tíì. Àwọn obìnrin mọ́kànlá ló wá, wọ́n yìn ín, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tí aago tó wà lára ògiri lu mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Ó bi ara rẹ̀ ní gbogbo ohun tó rò pé Olùkọ́ lè béèrè, ó dáhùn gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lójú. Ọ̀kan péré ni kò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun nílé yẹn, kò sí èyí tó dun òun tó pé òun mọ àwọn ìdáhùn yẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án láti tún un ṣe. Bí kò bá wá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ gbé bébà ètò rẹ̀ láti àpò aṣọ iṣẹ́ tó sá sórí okùn, ó sì gbé e sínú ojú omi tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Tolkin ló rí i níbi tó ti ń ṣí omi. Ó gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó lè gbẹ, ó fi òkúta lé e. Láti ọdún tí Muattar ti wọ ilé rẹ̀, "o ṣé, ọmọ mi" nìkan ni ọ̀rọ̀ tí bàbá náà ń bá a sọ, tó bá gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nǹkan tìẹ já bọ́," ó wí. "Wọ́n fi bírò pupa yí ọjọ́ kejìdínlógún po. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìdánwò, Bàbá. Èyí tí mi ò lè ṣe nígbà ìgbéyàwó."

Bàbá gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, bí wọ́n ṣe ń mu tíì àárọ̀, Tolkin fi ife sílẹ̀. "Eyín ń dun ìyàwó," ó wí fún Risolat. "Màá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín nílùú."

Muattar gbójú sókè. Eyín kankan kò dùn ún.

"Ìgbà wo ló ti ń dùn ún?" Risolat béèrè.

"Ó ti pẹ́. Ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Ìyàwó, lọ múra."

Ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ tó ti gbó. Lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó jókòó sábẹ́ igi, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló fi dúró. Nígbà tí Muattar jáde, ó wo ojú rẹ̀. Ó fa òwú jáde lápò, èyí tó ti rà ní ilé oògùn. "Fi sí ẹ̀gbẹ́ òsì," ó wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni Muattar kò lérò. Risolat pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló se ọbẹ̀ tó rọ̀, ó gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ti ọmọ ọwọ́, ó sì fẹ́ ẹ lẹ́nu kó má baà jó o. Ọjọ́ méjì ló fi se ọbẹ̀ yẹn. Muattar ń gbé e mì pẹ̀lú òwú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì lè wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ti rọrùn fún un láti bínú sí obìnrin náà. Báyìí, wọ́n ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ló gbà. Olùkọ́ Inobat kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ìbéèrè kejì, o sáré jù." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Asror máa ń wálé fún ìgbà díẹ̀ nígbà òtútù, lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn ni Muattar lóyún. Wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kàwé láti ilé, tí wọ́n ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún. Gbogbo ọdún, lẹ́ẹ̀mejì, eyín ń dun ìyàwó. Alùpùpù á gbéra, òwú á wá, ọbẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ó bí ọmọbìnrin kan, ó bí ọmọkùnrin kan, ó ń fún wọn lọ́mú pẹ̀lú bébà lórí orúnkún.

Ní ọdún kẹrin irú rẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì jọ ń ṣa ìrẹsì. Risolat ní, láìgbójú sókè, "Ìyàwó, eyín mélòó ló wá ṣẹ́ kù sí ẹ lẹ́nu?"

Ọwọ́ Muattar dúró.

"Bàbá Asror ò mọ irọ́ pa," Risolat wí. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Dókítà eyín wo ló ń fa eyín tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wú?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀, Oyi?"

"Tí mo bá sọ pé mo mọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ bóyá mo gbà á tàbí mi ò gbà á." Ó ju òkúta kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́. "Àwọn èèyàn á bi mí. Ìyá Hojar á bi mí. Nígbà tí mo wá sílé yìí, odindi ọdún méjì ni mi ò fi gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde láìsí ìyá ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tí eyín rẹ̀ dùn nígbà náà. Ṣa ìrẹsì ẹ."

Wọn ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Tolkin kú ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, lójú oorun. Ìdánwò tó gbẹ̀yìn, bọ́ọ̀sì ni Muattar wọ̀ lọ. Risolat sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Àwọn tó bá bi mí, màá ní o lọ sí itẹ́ òkú." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Muattar nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọdún méje ló fi ka ti ọdún mẹ́rin.

Ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, Muattar náà rò bẹ́ẹ̀. Asror padà dé láti Rọ́ṣíà pátápátá pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò gún mọ́, ó ń dùbúlẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́. Wọ́n bí ọmọ kẹta. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí ọ̀gá ilé-ìwé abúlé tó ránṣẹ́ sí i pé àyè olùkọ́ kẹ́mísìrì kan ti ṣí, pé kó wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

"Bi Oyi," Asror wí.

Ó lọ bi í. Àwọn èso úríkì tí wọ́n máa ń sá sóòrùn ti pọ́n, àgbàlá kún fún wọn. Risolat ti ń darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ sá úríkì," ó wí.

Wọ́n sá úríkì. Lẹ́yìn úríkì, tòmátì. Lẹ́yìn tòmátì, àárẹ̀ dé sí Risolat fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e dìde àyàfi ìyàwó. Nígbà tí Muattar fi dé ilé-ìwé, ó ti di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti fi ọmọkùnrin kan láti ìlú sí àyè náà. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń pe nǹkan kan fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa dà á kọ.

"Mo dúró dè ẹ́ títí," ọ̀gá ilé-ìwé wí. Aláàánú èèyàn ni. "Ní oṣù kìíní, olùkọ́ físíìsì wa ń lọ bímọ. Bó o bá lè di àyè rẹ̀ mú fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dá mi lójú."

"Màá wá," Muattar wí.

Ó kà á bó ṣe ń rìn lọ sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Físíìsì, ó ti pẹ́ tó ti kà á, yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yóò ṣófo fún àlejò. Ó ní láti mọ ẹni tí yóò máa gbé Oyi dìde láàárọ̀, ìyẹn ni kò tíì ní ìdáhùn sí. Nígbà tó wọ àgbàlá, Asror pè é láti inú yàrá pé ṣé tíì wà. Ó ní ó wà, ó sì lọ gbé e.